Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Oníṣẹ́-abẹ Tí Wọ́n Bo Orúkọ Rẹ̀

Ipò olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣófo ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Barrandilla, ẹni méjì péré ló sì wà tó lè dé e. Ọ̀kan ni Duncan Pargeter, tó ti ń la ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú náà láti ọdún méjìlá. Èkejì ni Dilhani Wijesekara, ọmọ Sri Lanka, tí kò tíì lò ju ọdún méjì lọ. Pargeter kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ìdíje rárá. Ó ti wọn ọ́fíìsì náà, ó sì ti mọ ibi tí àga rẹ̀ máa wà.

Ní àṣà wọn níbẹ̀, dókítà lásán ni dókítà. Oníṣẹ́-abẹ tó bá ti gòkè tán, Mista ni, Pargeter kì í sì í dáhùn tí wọn ò bá fi Mista náà síwájú. Noelene, àgbà nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ, nìkan ló ń fi dù ú.

"Duncan," ni Noelene pè é ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, bí Pargeter ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́, "ta ló máa yẹ ẹsẹ̀ bàbá tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ là yìí wò lọ́la?"

"Ṣebí àwọn dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀."

"Àwọn wo? Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Noelene, o fẹ́ràn àríyànjiyàn jù. Kí Dilhani bá mi wò ó nígbà náà."

"Ṣé Dilhani ò ní aláìsàn tiẹ̀ ni?"

Pargeter ti dé ẹnu ọ̀nà kí Noelene tó parí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàálù kékeré gbé e lọ sí Port Selwyn, létí òkun. Ilé ìwòsàn ibẹ̀ kò rí oníṣẹ́-abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan gbà sí iṣẹ́, wọ́n wá ń yá a láti Barrandilla ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Wọ́n fún un ní yàrá tó kọjú sí òkun, wọ́n sì máa ń pè é ní Mista láti ẹnu géètì.

Àpòòwé ńlá kan, tí wọ́n kọ sí oníṣẹ́-abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ Port Selwyn láìdárúkọ, ń dúró dè é lórí tábìlì níbẹ̀. Láti ọ́fíìsì alábòójútó àwọn ilé ìwòsàn ní Brisbane ló ti wá. Kí wọ́n tó fi ẹnikẹ́ni jẹ olórí ẹ̀ka, ará ìta tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀, torí ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Wọ́n ti fi yíǹkì dúdú pa orúkọ àti déètì rẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá fáìlì náà wá sọ pé oníṣẹ́-abẹ méjì ló wà ní ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kàn. Pargeter rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àríwá, ti Barrandilla.

"Dilhani," ló wí, "o ti bọ́ sí mi lọ́wọ́."

Ìbéèrè kan wà lójú ìwé kìíní: ṣé o mọ ẹni tó ni iṣẹ́ yìí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ dá fáìlì padà. Pargeter fàlà sí "Rárá."

Iṣẹ́ abẹ ogójì ló wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́-abẹ náà kò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló kọ gbogbo ìwé. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n tún là, wọ́n gé méjì dé orúnkún. Ìyàwó àgbẹ̀ onírèké kan ti ń ké látàárọ̀ pé ẹsẹ̀ òun tutù. Wọ́n pe fóònù oníṣẹ́-abẹ rẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá, kò wọlé, ẹsẹ̀ náà sì dúdú kílẹ̀ tó ṣú. Inú bí Pargeter, inú tòótọ́. Àánú obìnrin náà ṣe é, ó gbàgbé tíì rẹ̀ títí ó fi di yìnyín.

Ó kọ ọ́ pé ẹni yìí mọ bí a ti ń gé, kò mọ bí a ti ń dúró. Ó ní ẹni tó lè fi aláìsàn sílẹ̀ báyìí kò yẹ ní olórí ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kó tún dá nìkan mú abẹ. Ó fọwọ́ sí i, ó lẹ àpòòwé, ó fi í ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Ó ra kọfí fún Dilhani.

"Má jẹ́ kí ipò kan bà ọ́ lọ́kàn jẹ́," ló wí. "Ọjọ́ ń bẹ níwájú."

"Ẹ ṣé o, Mista Pargeter. Bàbá aláìsàn yín yẹn, iṣan ẹ̀ dí lánàá. Mo ti là á padà. Ara ẹ̀ ti yá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Pargeter wí, ó sì bèèrè bóyá ó fẹ́ ṣúgà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Dilhani Wijesekara ni wọ́n fi jẹ olórí ẹ̀ka. Duncan Pargeter kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ mọ́ àfi tí olórí ẹ̀ka bá dúró tì í, gẹ́gẹ́ bí ará ìta tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ṣe dámọ̀ràn. Pargeter kò ka ìyókù. Ó tẹ Brisbane láago.

"Òpònú wo lẹ gbé iṣẹ́ mi fún?" ló bi ọmọbìnrin tó gbé fóònù. "Ọdún méjìlá! Ta ni? Ibo ló ti ń ṣiṣẹ́? Ó dá mi lójú pé onítọ̀hún ò ka nǹkan kan!"

"Ẹ ní sùúrù, sà. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Pargeter gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà.

"Wọn ò jẹ́ kí n rí orúkọ níbí, sà, ilé ìwòsàn nìkan ni," ni ọmọbìnrin náà wí, "Port Selwyn ni, wọn ò sì ní ju oníṣẹ́-abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lọ níbẹ̀, èyí tí bàálù máa ń gbé wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀."