Ẹrẹ̀ Inú Fíríìjì

Ìyá ìyàwó Ọ̀mọ̀wé fẹ́ ta ilé tó ń gbé, kó fi kọ́ òmíràn sétí adágún omi oníyọ̀. Ilẹ̀ etí omi yẹn nìkan ló ní. Ó ní kí àna òun bá òun wò ó bóyá omi ò ní lé òun jáde lọ́jọ́ ogbó.

Ìtàn adágún ni iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé. Ó wọ etí omi lọ, ẹrẹ̀ dúdú kùn ún dé orúnkún. Ó bó súìtì mínìtì kan sẹ́nu, ó ju ọ̀rá ẹ̀ sílẹ̀, ó wá ki ọ̀pá róbà gígùn kan tó níhò, tó sì mọ́ gaara bíi gíláàsì, bọlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ó fi fa ẹrẹ̀ jáde. Ó dé e lórí, ó dé e nídìí.

Nílé, ó fọ ara ọ̀pá náà mọ́ tónítóní. Ìgbà tó gbẹ ló tó kọ “òkè” sí ẹnu kan, ó kọ “ìsàlẹ̀” sí èkejì. Ó kó ọbẹ̀ ìyàwó ẹ̀ kúrò nínú fíríìjì, ó ki ọ̀pá náà síbẹ̀.

“Ṣé ẹrẹ̀ la ó máa fi jẹun báyìí, Ọ̀mọ̀wé?”

“Má fọwọ́ kàn án. Ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà níbẹ̀.”

Nígbà tí ìyá ìyàwó ẹ̀ dé, Ọ̀mọ̀wé nàka sí ara ọ̀pá náà. “Tómi bá pọ̀, ẹrẹ̀ dúdú ló ń rọ̀ sílẹ̀. Tómi bá gbẹ, iyọ̀ funfun ló ń ṣẹ́kù. Tìsàlẹ̀ ló pẹ́ jù, tòkè ni tòní. Kí lẹ rí, Màmá?”

“Dúdú nísàlẹ̀, funfun lókè.”

“Ó bùṣe. Ayé àwọn baba ńlá wa lomi pọ̀. Ó ti ń gbẹ lọ. Ẹ kọ́lé yín.”

“Aládùúgbò kan níbẹ̀ ní omi ń sún mọ́ ọgbà òun.”

“Ìwé mélòó laládùúgbò kà?”

“Òótọ́ ni. Èèyàn kì í ní Ọ̀mọ̀wé lánà, kó tún máa gbẹ́jọ́ lẹ́nu ará àdúgbò.”

Màmá talé, ó kọ́lé. Lọ́jọ́ tó kó wọlé, tó sì pe àlejò wá bá a yọ̀, omi tín-ín-rín kan ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fìka tọ́ ọ wò.

“Omi yìí níyọ̀ o, ọkọ ọmọ mi.”

“Páìpù ni, Màmá. Àwọn pùlọ́ńbà ò mọṣẹ́ mọ́.”

“Páìpù wo ló ń gbé omi iyọ̀?”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ti gbé ọ̀pá ẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n fojú ara wọn rí ẹrẹ̀ ayé àtijọ́.

Ó ṣí ẹnu tó kọ “ìsàlẹ̀” sí, ó gbọn ẹrẹ̀ dúdú náà sórí tábìlì, ohun tó sì kọ́kọ́ jábọ́ ni ọ̀rá súìtì mínìtì ẹ̀.