Ìjà Àwọn Alárinà

Ìbídùn ń kàwé lọ́wọ́ ní ọgbà yunifásítì nígbà tí alárinà inú etí rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá a fẹ́ ọkùnrin, dá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ àti Adégoróyè ti pínyà o."

"Kí ló dé? A ò tíì fojú kan ara wa rí!"

"Èmi àti alárinà tirẹ̀ la jà. Aláfojúdi ni."

Mofẹ́wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, tí kì í fi alárinà sétí, tó máa ń fẹnu ara rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin, tó sì ń fojú ara rẹ̀ sunkún, rẹ́rìn-ín títí nígbà tí Ìbídùn sọ ọ́ fún un.

"Ṣebí Adégoróyè ló jókòó sábẹ́ igi yẹn? Lọ bá a!"

Ìbídùn lọ. Ó ti gba ewì ìfẹ́ lóríṣiríṣi lórúkọ ọmọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

"Wọ́n ní a ti jà," ló wí.

"Mo gbọ́." Òógùn bo Adégoróyè. "Kí ni wọ́n jà lé lórí?"

"Tèmi ní orúkọ àkọ́bí wa ni."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Adégoróyè yọ alárinà rẹ̀, ó sọ ọ́ sápò.

"Ṣé o ti jẹun?"

Ìbídùn dúró kí alárinà fún òun lésì. Ìyẹn ti bínú, kò fọhùn.

"Rárá," ni Ìbídùn fẹnu ara rẹ̀ sọ. "Ebi ń pa mí gan-an ni."