Ó Ń Dán, Wọn Ò Dán an Wò

Ìgbéraga àti ìfẹ́ ohun tó ń dán ló ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àwàdà, nítorí ẹ̀mí bá a lọ. Ọ̀gá ni níbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ sì pé, a kò lè fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá ti kọ mànà, kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Ó-ń-dán. Òun rò pé oríkì ni.

Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn gbé iṣẹ́ fún wọn. Wọ́n fẹ́ ètò tí yóò wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn agbapè, ìyẹn àwọn tó ń gbé ìpè aláìsàn, kí orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tó ń retí ọkọ̀ lè tò síbi kan náà. Bí kọ́lékọ́lé kì í ti í rọ ìṣó fúnra rẹ̀, ẹni tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ya bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Àkójọ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ ló máa ń mú lò: bọ́tìnnì, àpótí ìkọ̀wé, àtẹ tí orúkọ ń tò sí. Ó-ń-dán ló máa yan èyí tí wọ́n máa lò.

Méjì ló wà níwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ rí bí ògiri tí wọn ò tíì kùn, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àwọn ènìyàn ti ń lò ó, àwọn tó ń tún un ṣe sì pọ̀. Èkejì ń kọ mànà. Bọ́tìnnì rẹ̀ ń yọ́ rìn bí ológbò, àtẹ rẹ̀ ń yọ̀ geere. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣe é, ó sì ti kọ ọ́ síta pé ó ti rẹ òun, òun ò tún un ṣe mọ́. Èyí ni Ó-ń-dán fẹ́.

Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ni láti máa dán ètò wò kó tó jáde. Ó gbé èkejì yìí sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, irú èyí tí àwọn agbapè ń lò. Nígbà tí orúkọ kọjá ogójì, àtẹ náà gan pa. Orúkọ tuntun ń wọlé, kò sì hàn. Ó tún un dán wò lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló rí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, ó gbé e lọ bá ọ̀gá ní yàrá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo èyí. Orúkọ ń pòórá sínú rẹ̀."

"Ìyá Ìbejì, ibo la ti máa rí ogójì aláìsàn lẹ́ẹ̀kan náà? Ogun ni?"

"Ọ̀gá, ó ń dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dán an wò."

Ó-ń-dán bú sẹ́rìn-ín. "Ojú yín ti gbó, ẹ ò mọ ohun tó lẹ́wà mọ́." Ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà náà pé, "Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kó máa dán." Ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà fún un.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èyí tí wọ́n gbé wá bá a lọ́fẹ̀ẹ́, ó dà á nù.

Ètò náà jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì gbé ipò rẹ̀ ga. Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà, èéfín bo àdúgbò, ìpè sì ń rọ́ wọlé. Lásìkò yẹn gan-an ni àyà dídùn kọlu káfíńtà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹta. Agbapè tí wọ́n ń pè ní Ohùn-Tútù kọ àdírẹ́sì náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ fara balẹ̀, àbúrò mi, ọkọ̀ ń bọ̀." Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Orúkọ ti kọjá ogójì, àtẹ ti gan, àdírẹ́sì náà kò sì dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ kankan. Orí itan ọmọ rẹ̀ ni bàbá náà kú sí.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Ó-ń-dán rántí lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó mọ̀. Ó wá là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Agbapè yẹn ni kò tẹ bọ́tìnnì." Wọ́n lé Ohùn-Tútù lẹ́nu iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn ènìyàn ń nàka sí i ládùúgbò pé apànìyàn ni.

Ìyá Ìbejì wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ fi dí ihò tí ẹ̀yin gbẹ́?"

"Ẹ rọra o. Ẹ rántí pé ọ̀gá yín ni mí."

"Ọ̀gá mi lẹ jẹ́, ẹ kì í ṣe Ọlọ́run mi!"

Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Ó gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n jókòó, alága ní kí Ó-ń-dán kà á sókè. Ó kà á títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọmọ káfíńtà dìde.

"Bàbá mi ń mí gúlegúle, ẹ̀yin ní kó máa dán?"

"Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé..."

"Ẹ mọ̀! Ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́!"

Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀. Wọ́n lé e bí ajá, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta nítorí àìbìkítà rẹ̀ àti irọ́ tó pa mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n bẹ Ohùn-Tútù pé kó padà wá síbi iṣẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò ní gbé tẹlifóònù yẹn sétí mọ́ láyé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan nǹkan fún ẹlòmíràn, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹni tó wà lábẹ́ yín bá kìlọ̀, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tó ti rí lè má tíì hàn sí yín. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó jìyà rẹ̀, nítorí àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Aláìsàn tó ń retí ọkọ̀ kò béèrè bóyá bọ́tìnnì yín lẹ́wà. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ dé ni.