Kóró Mẹ́wàá Tí Rufus Jù Sínú Igbá

Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹ ṣáà kà á kan ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró lágbedeméjì, á rò pé ó dùn.

1. Lọ́dún tó kọjá, ìyẹn 1956, dókítà òyìnbó kan dé Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó ní òun ń wádìí bí ọkàn àwọn ènìyàn ṣe rí káàkiri ayé. Ó fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kóró kòkó mẹ́wàá. Ògbufọ̀ ní, "Bí ọkàn yín bá ṣe balẹ̀ tó, ẹ ju iye kóró bẹ́ẹ̀ sínú igbá."

Hàmídù, ará Ìgbìrà tó ń ṣe alágbàṣe lóko Rufus, ju méjì péré.

"N kì í sùn. Ẹkún ń gbọ̀n mí láìnídìí."

A rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń sọ irú ìyẹn síta?

Ó kan Rufus. Oṣù kẹta rèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ti ń pè é láàárín igi kòkó. Janet ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Bàbá Folúkẹ́, ẹ sọ fún un."

"Kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹmùrè-Ilé? Ṣé kí ọmọ wa dàgbà sílé ni?"

Àwọn ará Ẹmùrè-Ilé ń bọ̀ wá tọrọ Folúkẹ́, ẹ sì mọ̀ pé a máa ń wádìí bóyá wèrè wà nídìílé kí a tó gbé ìyàwó. Rufus da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú igbá. Ó tún béèrè ìkọkànlá.

2. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn wa balẹ̀ ju tàwọn ará ìlú òun lọ. Hàmídù nìkan ló gbé lọ sílé ìwòsàn. Àánú ẹ̀ ṣe wá gan-an.

3. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìdána, Rufus bẹ́ gbogbo kòkó rẹ̀ lulẹ̀, tèso-tèso.

"Rufus, kí ló dé?"

"Dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn igi náà dí òun lọ́nà."

A sọ fáwọn àna pé àrùn ló kọlu kòkó. Lọ́jọ́ ìdána, àga bàbá ìyàwó ṣófo. Ọjọ́ méje la fi wá a. Fìlà rẹ̀ la rí nínú igbó ọ̀nà Elegbeka. Dáadáa ni fìlà náà wà.

4. Àwọn àna ru iṣu wọn padà. Lóṣù kẹjọ tí wọ́n ti gbé e lọ, Hàmídù dé láti ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ti yá.

"Ọ̀gá mi ńkọ́?"

Fìlà náà la nà sí i. Òun ló ń bá Janet gbin kòkó tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, "a dúpẹ́" kì í ṣe oògùn. Bí ọkàn yín bá ku kóró méjì, ẹ ju méjì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé etí ẹnikẹ́ni o. Àwọn àna mìíràn ń bọ̀ wá wo Folúkẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a sì ti sọ fún wọn pé dáadáa ni gbogbo wa wà.