Ilẹ̀kùn Tí Alága Yá Lọ

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láìkà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó nílé. Theresa, ìyàwó Sylvanus, ni wọ́n ṣẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981, ní abúlé kan lọ́nà Afo.

1. Olúgbádé, bàbá ọkọ rẹ̀, ni alága ìgbìmọ̀ dispẹ́nsárì, ilé ìtọ́jú kékeré tó wà ní abúlé náà. Nígbà tó ń parí ilé tuntun, ó tú ilẹ̀kùn ìrókò yàrá àyẹ̀wò, ó gbé e lọ sí pálọ̀ rẹ̀.

"Alága, ilẹ̀kùn wa ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì Veronica béèrè.

"Mo yá a ni. Àbí ilẹ̀kùn ló ń wo ibà?"

Àwọn aláìsàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu yàrá náà bú sẹ́rìn-ín.

2. Ọdún mẹ́rin ni Theresa fi wá ọmọ. Nígbà tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí òórùn epo ń mú un bì, tí itọ́ ń kún un lẹ́nu, ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Pa ẹnu mọ́," ni ìyá wí. "Oyún tí kò tíì hàn, a kì í sọ ọ́ létí ayé."

Èébì, itọ́, àárẹ̀: bí oyún tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ kan ṣoṣo ń ro ó, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fara dà.

3. Ó lọ sí dispẹ́nsárì. Yàrá wà ní gbayawu.

"Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù kẹ́yìn?" Veronica bi í.

Theresa wo bẹ́ǹṣì. Aládùúgbò tó ń pè é ní àgàn wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń fetí sílẹ̀.

"Mo ń ṣe é lọ́wọ́, Nọ́ọ̀sì. Inú rírun lásán ni."

Veronica fún un ní oògùn inú rírun.

4. Lọ́jọ́ kejì ó dákú. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, ó ti kú. Dókítà ní oyún náà kò dúró sínú ilé ọmọ, ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ ló wà, ó sì bẹ́. Ká ní wọ́n mọ̀ lánàá, wọn ì bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ẹnu ilẹ̀kùn ìrókò náà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà wọ pálọ̀ Olúgbádé. Sylvanus dúró níbẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ti yá a tán?"



Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń dùn yín, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, ẹ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì, bí etí ọgọ́rùn-ún tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin alága, ohun gbogbogbòò kì í ṣe ẹrù bàbá yín. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Lẹ́tà mẹ́ta ni Sylvanus ti kọ sí ìgbìmọ̀ láti ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fèsì. Gbólóhùn kan náà ló wà nínú wọn:

Ẹ dá ilẹ̀kùn náà padà.