Apá Iwájú

"Ẹ kó pàǹtí yẹn síta!" Àkọ́bí nàka sí ẹ̀rọ ìránṣọ àbúrò rẹ̀, Wùnmí, fún àwọn alábàárù. Kóòtù ti pín ilé bàbá wọn ní Bódìjà sí méjì, òun ló sì gba apá iwájú. Kí ni aránṣọ lásánlàsàn fẹ́ fi pálọ̀ tó kọjú sí títì ṣe?

Ọkùnrin tó fẹ́ ra apá iwájú náà ti dúró láàárín pálọ̀. "Kí ló dé tí táìlì ibí yìí fi yàtọ̀?"

Àkọ́bí yọ ṣùtì. "Ẹ bi ará oko yìí."

Wùnmí ò gbójú sókè. "Ẹ ò bá wa sin Bàbá, bọ̀dá mi. Abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n wà."

Ọkùnrin náà yára ṣí ẹsẹ̀ kúrò, ó dọ̀bálẹ̀ fún táìlì, ó sì jáde láì kí Àkọ́bí.