Fídíò Tí Wọ́n Ní Kí Wọ́n Fi Ránṣẹ́

Obìnrin oníkọ̀ǹpútà náà fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Fídíò dúdú ló tún gbé jáde!"

Hannah, tó wá láti Atosin fún ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, dìde dúró nínú ṣọ́ọ̀bù náà ní Odode. Láti àárọ̀ ni ìkànnì ìdánwò náà ò ti gba orúkọ rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ òní sì lòpin. Ọkùnrin tí wọ́n fóònù bá ní ọ́fíìsì ìdánwò sọ pé kò sí ohun tó ṣe ìkànnì àwọn, òun ò sì ní gbà pé ó ní àṣìṣe àfi bí wọ́n bá fi fídíò ohun tí wọ́n ń rí ránṣẹ́. Linux, ètò tí kò wọ́pọ̀, ló sì ń darí kọ̀ǹpútà yìí. Bí oníkọ̀ǹpútà náà bá ti ká ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, òkùnkùn lásán ni fídíò ń gbé jáde.

"Ẹ má bínú, anti."

"Ìwọ kọ́. Ẹ̀rọ burúkú yìí ni!"

Ó pa á, ó tún tàn án, ó yí ètò tó fi ń ká fídíò padà. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ hàn kedere nínú fídíò. Hannah pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà tún fi orúkọ Hannah ránṣẹ́ sí ìkànnì, kí àṣìṣe náà lè hàn bí fídíò ti ń ká a. Ìkànnì dáhùn pé àkókò ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá.

"Anti, ṣé ó ń ká a?"

Oníkọ̀ǹpútà náà ò lè wojú rẹ̀.

"Ó ń ká a."